Bíbélì àti Oògùn Nínú Àpò Kan

Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ní Ìkọ̀yà máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí ibùdó àdúrà ní Ìkẹ́jì-Arákẹ́jì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mi ò pa á jẹ rí. Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ọ̀rẹ́ mi kan rí àpò oògùn mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá Tíṣà, ṣé ibùdó Bàbá Babalọlá lẹ fẹ́ gbé èyí lọ?" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, àkọ́bí mi pè mí láti Àkúrẹ́: "Iye, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó sílé. Ẹni tí ọkàn ń dà láàmú kì í wá títì lọ."

Ọ̀kan ní kí n lọ, kí n fi oògùn sílẹ̀. Èkejì ní kí n lo oògùn, kí n má lọ. Ìfẹ́ ló ń mú àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbé ka iwájú mi: kí ni ìgbàgbọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa àárẹ̀ ọkàn tèmi, bó ṣe máa ń fà á fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà. Ó wà lára mi fún ọdún pípẹ́ kí n tó mọ̀. Ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan tó ti le dà bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga jíjìn láìsinmi: bó pẹ́ bó yá, apá á ro ó. Ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá sùn gbalaja, èémí mi a há, àfi kí n to ìrọ̀rí mẹ́ta. Dókítà fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti èyí tó ń jẹ́ kí n máa tọ omi ara dànù. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti wá. Ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ènìyàn kiri, tí oògùn kò ràn án, ni àwọn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti máa gbàdúrà ìwòsàn. Lára gbòǹgbò ìjọ wa nìyẹn. Nígbà tó yá, àwọn míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuníìnì nítorí ibà, inú àwọn bàbá wa kò sì dùn sí i. Ó wà lára ohun tó pín wọn níyà kí a tó forúkọ ìjọ wa, Christ Apostolic Church (CAC), sílẹ̀ ní 1943. Mi ò ní bú àwọn bàbá wọ̀nyẹn láéláé. Àdúrà ni wọ́n rí lò, ó sì gbè wọ́n. Ṣùgbọ́n oníṣègùn ni Lúùkù, Pọ́ọ̀lù sì mú un rìn. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gún nínú ara, kò jókòó sílé nítorí rẹ̀.

Ọmọ mi ní dídán Ọlọ́run wò ni ìrìn àjò mi. Mo ní kó rántí pé Jésù kọ̀ láti bẹ́ sílẹ̀ láti ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, síbẹ̀ ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Jerúsálẹ́mù. Bíbẹ́ yàtọ̀ sí rírìn. Bí mo bá fi oògùn sílẹ̀ tí mo lọ, mo bẹ́ nìyẹn. Bí mo bá lò ó, tí mo mọ ìwọ̀n ara mi, ìrìn ni mò ń rìn.

Ohun kan tún wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń pe èyí tó ń lù kìkì láyà àti èyí tí a fi ń fẹ́ràn, tí a fi ń gbàdúrà. Ọkàn ni méjèèjì. Bí mo bá ti èkejì mọ́lé kí àkọ́kọ́ lè pẹ́, kí ni mo ń tọ́jú?

Nítorí náà mo lọ. Mo bi dókítà ní aago tí mo lè lo oògùn omi lọ́jọ́ ìrìn àjò, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fò ó torí pé kò sí ilé ìtọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ti bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ ṣáájú pé yóò dúró fún mi ní Orè àti ní Oǹdó, kí n lè tọ̀, kí n sì na ẹsẹ̀. Púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó tí mi ò fi Mágí sí ló wà nínú kúlà mi. Mo jókòó sẹ́bàá fèrèsé: oko ọ̀pẹ ní Òkìtìpupa, àwọn ọlọ́jà tó ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì ní Orè, ìbòòji igi kòkó lẹ́bàá Oǹdó. Inú mi dùn bí ti ọmọdé.

Ní Oǹdó, nígbà tí mo yọ oògùn mi síta, ìyá mẹ́ta mìíràn rọra ṣí báàgì wọn. Abẹ́ Bíbélì ni wọ́n fi tiwọn pamọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi tó bi mí léèrè wà lára wọn.

Ní October 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, bàbá tí ọ̀rẹ́ mi dárúkọ, ń wa ọkọ̀ tí ń tẹ títì lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lẹ́bàá Ìkẹ́jì-Arákẹ́jì, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Nígbà tí a dé ibùdó náà, mo ronú lé e lórí bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe ìṣọ́ òru. Mo bá wọn gbàdúrà títí di aago mẹ́wàá, mo wá lọ sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta tí mo gbé wá láti ilé. Mò ń gbọ́ orin wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Mi ò rò pé àdúrà mi kéré sí tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àárẹ̀ mi, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín bóyá ara yín gba ìrìn. Bó bá gbà á, ẹ lọ. Ẹ má fo oògùn, ẹ má sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jókòó tì yín nínú bọ́ọ̀sì lè máa fi tirẹ̀ pamọ́ fún yín.