Àpẹẹrẹ Ta Ni Ìwọ Ń Tẹ̀lé?

Bíbélì Kíkà: 2 Ọba 17:21-23, 1 Pétérù 2:21-25
Àkọ́sórí: 1 Pétérù 2:21

Ní ìlú Ẹdẹ wa níbí, flex tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde ti gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú iṣẹ́ wọn fún ọmọ Ọlọ́run. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà bá fẹ́ kọ orúkọ kan náà sórí pátákó púpọ̀, yóò kọ́kọ́ ya á sórí pépà fífẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò wínníwínní tẹ̀lé ojú ìlà rẹ̀. Yóò tẹ́ pépà náà sórí pátákó, yóò fi èédú lílọ̀ tó dì sínú aṣọ lù ú. Èédú á gba ojú ihò kọjá. Bó bá ká pépà kúrò, àmì á ti hàn tí búrọ́ọ̀ṣì yóò tẹ̀lé.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé pépà kan tó fún ọ̀pọ̀ pátákó. Ewu rẹ̀ náà nìyẹn. Bí ọ̀gá bá fo lẹ́tà kan nígbà tó ń lu ihò, gbogbo pátákó ni àṣìṣe náà yóò dé. Ta wá ni ẹ̀bi? Ṣé ọ̀gá tó lu ihò ni, àbí ọmọ iṣẹ́ tó fi ọ̀dà tẹ̀lé e?

Má ṣe yára dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìwọ gan-an. Ọmọ iṣẹ́ wà tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ láti máa là ọ̀dà kọjá bó ti yẹ. Akọ̀wé wà tó bá wọn ní ọ́fíìsì níbi tí wọ́n ti ń kọ iye tí kì í ṣe òótọ́ sínú rìsíìtì. Ọkọ wà tó rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń na ìyá rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn ń wí ni pé, “Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

Olùfẹ́, àpẹẹrẹ kì í bá ẹni tó ni ín kú. Ní 1935, tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, àwọn aláàdìrẹ ilẹ̀ Yorùbá gbé aṣọ kan jáde tí àwòrán ọba àti olorì wà lára rẹ̀. Ọlọ́ba ni wọ́n pè é. Ọba náà kú ní oṣù kìíní ọdún 1936, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe Ọlọ́ba.

Bẹ́ẹ̀ ni Jéróbóámù ọmọ Nébátì. Ó gbé ọmọ màlúù wúrà kan sí Bẹ́tẹ́lì, ó gbé èkejì sí Dánì. Ó kú, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ títí tí Ásíríà fi kó Ísírẹ́lì lọ. Wo ìdájọ́ Ìwé Mímọ́: ó dá Jéróbóámù lẹ́bi pé ó mú wọn ṣẹ̀, kò sì dá àwọn tó tẹ̀lé e láre, nítorí wọn kò yà kúrò níbẹ̀. Ẹ̀bi ọ̀gá kò pa ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́ rẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ní ojú. Ó lè ka ohun tó wà lórí pátákó kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Ìwọ lè wí pé, “Pásítọ̀, bí mo bá kọ̀, wọ́n á lé mi.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Hébérù mẹ́ta rí iná kí wọ́n tó kọ̀ láti tẹríba, bí Ọlọ́run kò bá tilẹ̀ gbà wọ́n (Dáníẹ́lì 3:18).

Kí ni ṣíṣe? Bí oníṣẹ́ pátákó bá rí àṣìṣe, ìwé tí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún un ló máa padà sí. Yóò lẹ pépà bo ihò tí kò tọ́, yóò sì lu òmíràn. Nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tí Pétérù lò fún àpẹẹrẹ Kristi ni hypogrammos, ìyẹn ìkọ̀wé tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ kí ọmọ iléèwé lè máa fọwọ́ tọ̀ ọ́. Jésù ni ìkọ̀wé náà. Bàbá rẹ, ọ̀gá rẹ, pásítọ̀ rẹ, ẹ̀dà ni gbogbo wa. Ibi tí a bá ti bá Jésù mu nìkan ni kí o ti tẹ̀lé wa (1 Kọ́ríńtì 11:1).

Rántí pẹ̀lú pé pépà tí abẹ́rẹ́ kò lu kì í fi àmì sílẹ̀. A gún Olúwa wa, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ni ìwòsàn sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó bá dùn ọ́ nítorí òdodo lè jẹ́ ojú ihò tí ẹlòmíràn yóò ti rí Kristi.

Ohun tí o máa ṣe lónìí: Ta ló ń wò ọ́ kọ́ṣe? Bí o bá ti kọ́ ọ ní ohun tí kò tọ́, má fi mọ sí ẹkún nínú yàrá. Lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì sọ fún un pé ọ̀nà yẹn kọ́.

Àdúrà: Jésù Olúwa, dí gbogbo ihò tí kò tọ́ nínú ìwà mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣìnà nítorí pé ó tẹ̀lé mi. Àmín.