Ta Ni Ó Yẹ Kí A Kọ́ Ní Iṣẹ́ Olórí?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí a bá ránṣẹ́ sí ìlú kan pé kí ó yan ènìyàn méjì tí a ó kọ́ ní ọ̀nà ìṣèlú, kí wọ́n lè máa ṣáájú àwọn ará ilé wọn, ta ni ó yẹ kí ìlú náà rán? Ìdáhùn tí ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu kò ṣòro: kí a rán tíṣà, tàbí akọ̀wé, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ní dójú tì wá níbẹ̀. Ìdáhùn yìí jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ohun tí ó lé ní 60 ọdún sẹ́yìn tí kò jẹ́ kí n lè fi ọwọ́ sí i.

Erékùṣù kan wà létí òkun ní ìpínlẹ̀ South Carolina, Johns Island ni orúkọ rẹ̀. Ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ó kún ibẹ̀ nígbà náà. Nínú ìwé tí Lorenzo Dow Turner tẹ̀ jáde ní 1949 lórí èdè àwọn ará etíkun náà, ó fi ọ̀rọ̀ àti orúkọ Yorùbá tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì pátápátá ni à ń sọ. Òfin ìpínlẹ̀ náà wí pé ẹni tí kò bá ní ohun-ìní tí ó tó iye kan kò lè dìbò àfi bí ó bá lè ka apá kan nínú ìwé òfin. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà erékùṣù náà kò sì mọ̀wé. Ọkùnrin kan, Esau Jenkins, a máa fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó wọn lọ síbi iṣẹ́ ní Charleston. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó ń gbé bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun ní ìwé kíkà kí òun lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn nínú ọkọ̀ náà gan-an.

Ní 1954 Jenkins lọ sí Highlander, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Tennessee tí Myles Horton àti Don West dá sílẹ̀ ní 1932, níbi tí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ti ń jókòó pọ̀ gbèrò lórí ìṣòro ìlú wọn. (Rosa Parks pẹ̀lú wà níbẹ̀ ní August 1955, oṣù díẹ̀ kí ó tó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì ní Montgomery.) Ohun tí Jenkins béèrè kò pọ̀: kí a ràn án lọ́wọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà.

Obìnrin tí ó gbé iṣẹ́ náà lé èjìká ni Septima Clark. Tíṣà ni, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ Johns Island láti 1916. Ní 1946 ó gba oyè ìmọ̀ kejì ní Hampton. Ní 1956 wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, tí kò sì gbà láti sẹ́ ẹ. Nǹkan bí 40 ọdún ni ó ti fi kọ́ni. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bá a lọ. A ó rò pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò wá tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan, Bernice Robinson, onídìrí àti aránṣọ, ni ó pè. Robinson fèsì pé òun kì í ṣe olùkọ́. Wọ́n ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ ẹ.

Ìdí méjì ni wọ́n rí. Èkínní, owó ìjọba ni tíṣà ń jẹ, a sì lè lé e ní ọjọ́ kan bí a ti lé Septima. Onídìrí ń jẹun lọ́wọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀, ènìyàn dúdú bíi tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá tí yóò fi oúnjẹ dẹ́rù bà á. Ìdí kejì ni ó kan àwa jù: wọ́n bẹ̀rù pé tíṣà yóò bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Ní January 1957, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, Robinson pàdé akẹ́kọ̀ọ́ 14. Ọjà ni wọ́n ń tà ní iwájú ilé náà, kí àwọn aláwọ̀ funfun má baà fura sí ohun tí ń lọ lẹ́yìn. Ìwé àwọn ọmọdé ni òun náà kọ́kọ́ kó wá. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé kò bá wọn mu, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ orúkọ àwọn. Wọ́n fẹ́ ka Bíbélì. Wọ́n fẹ́ mọ bí a ti ń kọ ìwé ìfowóránṣẹ́ àti ìwé tí a fi ń béèrè ọjà láti òkèèrè. Láti inú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti gun orí ìwé òfin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Robinson kò gba oyè olùkọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà tí a fi ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé èyí lè dun àwa tí a kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ǹjẹ́ àbùkù ni a wá fi kan ìmọ̀ ìwé bí? Ó tì o. Bí Septima kò bá mọ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ náà kì bá má ti dúró, nítorí òun ni ó ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba ẹ̀yìn lọ. Ó fi ìmọ̀ rẹ̀ sí ìkáwọ́ ẹni tí ìlú ti ń fetí sí. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà: kì í ṣe ẹni tí yóò tètè lóye ẹ̀kọ́ náà ni kí a wá, bí kò ṣe ẹni tí àwọn ènìyàn ti ń tọ̀ lọ nígbà ìṣòro kí ẹ̀kọ́ kankan tó dé. Ìwé rọrùn láti fi kún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀wé tí ìlú kò gbẹ́kẹ̀ lé, kí ni a fẹ́ fi kún un?

Ní 1961 ìjọba Tennessee ti Highlander pa. Kí ó tó di pé ilẹ̀kùn sé, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ SCLC, ẹgbẹ́ tí Martin Luther King jẹ́ olórí rẹ̀. Dorchester ní Georgia, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́kọ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹrú tí a dá sílẹ̀, ni wọ́n ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Septima, Dorothy Cotton àti Andrew Young ni olùkọ́ wọn. Àgbẹ̀ ń wá, alágbàfọ̀ ń wá, onídìrí ń wá, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Wọn yóò sì padà lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n má fi ibi tí ó korò pamọ́. Fannie Lou Hamer, tí ó ń dá oko òwú olóko ní Mississippi, lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní 31 August 1962. Ní ọjọ́ náà ni onílẹ̀ lé e kúrò. Ní June 1963, bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ láti irú ẹ̀kọ́ yìí ní Charleston, àwọn ọlọ́pàá mú wọn ní Winona, wọ́n sì mú kí a lù ú nínú àtìmọ́lé tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú ní 1977. Ǹjẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ènìyàn ní ohun tí yóò mú ìyà bẹ́ẹ̀ wá sórí rẹ̀? Èmi kò lè dáhùn ní wàrà. A lè wí pé ó ti yan ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bá a, òtítọ́ sì ni. Ní 1964 ó dúró níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè ní Atlantic City, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí a kọ́ ni ó ní ọkàn Hamer. Ó kéré tán, olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ewu pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kò sì dára kí ó rán an lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ. Septima ti pàdánù iṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó pe ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kan kù. Nígbà kan Septima kọ ìwé sí King, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe máa ṣáájú gbogbo ìwọ́de fúnra rẹ̀, kí ó jẹ́ kí àwọn tí a ti kọ́ máa ṣáájú ní ìlú wọn. Nígbà tí a ka ìwé náà sétí àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Akíkanjú ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, wọ́n ń fi ẹ̀mí wọn wewu lójoojúmọ́. Síbẹ̀ kò tíì wá sí wọn lọ́kàn pé alágbàfọ̀ lè rọ́pò wọn. Òfin 1965 dé, ó mú ìdánwò ìwé kíkà kúrò lọ́nà àwọn tí ń fẹ́ dìbò. Septima kò tìtorí ẹ̀rín náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí èkejì, ó ń wá àwọn tí yóò kọ́ni, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1970.