Ṣé Olè Ni Ẹni Tó Da Ọgbọ́n Ẹ̀rọ Àtijọ́ Kọ?

Bí nǹkan bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí ẹni tó ni ín kò sì bìkítà fún un mọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí á gbà á là láìtọrọ àyè? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ibi kékeré kan ni mo fẹ́ gbé e gbà: inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Epson ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé MX-80 jáde. Abẹ́rẹ́ 9 ló wà ní orí rẹ̀, tó ń gún tẹ́ẹ̀pù onítàdáwà títí àmì tóótòòtóó yóò fi di lẹ́tà lórí ìwé. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló mọ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí, nítorí pé àwòrán lẹ́tà àti ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ṣíìpù tí wọ́n ń pè ní ROM. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rí bí lẹ́tà tí bàbá rẹ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nígbà náà ì bá ṣe rí lórí ìwé, ROM ló mọ ìdáhùn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń da ohun inú rẹ̀ kọ, kí kọ̀ǹpútà òde òní lè ṣe bí ẹ̀rọ àtijọ́ náà.

Iṣẹ́ sùúrù ni. Wọ́n á kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ṣíìpù. Bí wọ́n bá rí 2764, wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ 28 ló ní, báìtì 8,192 ló sì gbà. Bí wọ́n bá rí 8432, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 32 ọdún 1984 ni wọ́n ṣe é. Fèrèsé dígí kékeré wà lórí irú ṣíìpù yìí, tí wọ́n fi bébà lẹ̀ pa. Ẹni tó bá ṣí bébà náà, tó fi í sínú oòrùn pẹ́, yóò pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, iná díẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ náà mú ń jò lọ lọ́dọọdún. Igi gangaran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwọn kan yóò ní olè ni olè ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdànù: ènìyàn ló jókòó ṣe iṣẹ́ náà. Ní 1980 yẹn kan náà, Amẹ́ríkà ṣòfin tó gba ẹni tó ni ẹ̀dà ètò kọ̀ǹpútà láyè láti da òmíràn kọ pa mọ́, ṣùgbọ́n kò ní kó máa pín in kiri. Níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ilé-iṣẹ́ lórí iṣẹ́ tó gbé jáde lè tó ọdún 95. Ẹ ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ ọdún 1980 di 2075. Ṣíìpù wo ni yóò dúró dìgbà náà?

Bí ilé aládùúgbò bá ń jó tí kò sì sí nílé, a ó wọlé gbé àpótí rẹ̀ jáde láìtọrọ àyè. Kò sẹ́ni tí yóò pè wá lólè. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ aṣọ inú àpótí náà lọ sóde àríyá, tàbí tí a tà á, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Títọ́jú yàtọ̀ sí pípín. Ní tèmi, ó tọ́ kí á da ROM kọ kó tó kú. Kò tọ́ kí á fi ṣòwò, ó sì yẹ kí á tọrọ àyè kí á tó pín in.

Ojúṣe kan tún kù: òtítọ́. Bí bébà orí ṣíìpù bá ti já, tí a kò mọ ẹ̀rọ tó ti wá, kí á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá méfò, tó sì fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ pè é, ti purọ́ fún àwọn tí a kò tíì bí.

Ní ìparí, ẹni tó gba nǹkan là fún oní-nǹkan kì í ṣe olè. Ohun tó bá fi ṣe lẹ́yìn náà ni yóò sọ irú ẹni tó jẹ́.