Ìdíyelé Ilé àti Ilẹ̀: Ẹ̀rí Ni, Àmáánà sì Ni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó gbé sánmọ̀ ró, tí ó sì fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ láàrin ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọyé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun fún ara mi àti fún ẹ̀yin.

Gbogbo wa ni a mọ Súrà Al-Mutaffifin, níbi tí Ọlọ́hun ti fi ègbé kìlọ̀ fún àwọn tí ń gba ẹ̀kún òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ń dín in kù bí wọ́n bá ń wọ̀n fún un. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn tí ń fi kọ́ńgò wọn gàrí lọ́jà nìkan ni ìkìlọ̀ náà bá wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kálàmù tí adíyelé fi ń kọ iye ilé sórí ìwé, òṣùwọ̀n ni. Kọ́ńgò tí a tẹ̀ nídìí yóò jí ẹ̀kúnwọ́ gàrí. Kálàmù tí ó parọ́ lè jí ilé odidi.

Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí ṣẹ́gun Khaybar ní ọdún keje Híjírà, Ànábì fi àwọn oko dàbínù ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn Júù láti máa tọ́jú, kí a sì máa pín èso rẹ̀ sí méjì. Abdullah ọmọ Rawaha ni ó ń rán lọ láti wo èso orí igi, kí ó sì díwọ̀n rẹ̀. Iṣẹ́ adíyelé gan-an nìyẹn. Imam Malik gbà á wá nínú Al-Muwatta pé wọ́n kó ọ̀ṣọ́ àwọn obìnrin wọn jọ, wọ́n fi lọ̀ ọ́ kí ó lè dín iye náà kù. Ó kọ̀, ó ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ hàráámù. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí inú òun kò tilẹ̀ dùn sí wọn, òun kò ní rẹ́ wọn jẹ. Àwọn tí ó kọ ọ̀ṣọ́ wọn gan-an ni wọ́n jẹ́rìí pé irú òdodo yìí ni sánmọ̀ àti ilẹ̀ fi dúró. Bí ó bá sì díwọ̀n tán, a máa fún wọn láǹfààní pé kí wọ́n mú un ní iye náà, tàbí kí òun mú un. Ẹ gbọ́ o: ìdíyelé òdodo ni èyí tí ẹni tí ó kọ ọ́ lè gbà, ìbáà ṣe òun ni yóò rà, ìbáà ṣe òun ni yóò tà.

Ní Nàìjíríà, láti ọdún 1975 ni òfin ti wà pé kí ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ìdí ni pé ilé ẹjọ́, báńkì àti àwọn ajogún a máa gbára lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni gbára lé ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ogún ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀, pẹ̀lú ilé kan tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 48 náírà. Kò jẹ gbèsè, àwọn òbí rẹ̀ sì ti ṣaájú rẹ̀ lọ. Ìdámẹ́jọ ti ìyàwó jẹ́ mílíọ̀nù 6. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù 14, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan mílíọ̀nù 7. Àkọ́bí ọkùnrin fẹ́ ra ilé náà, ó wá lọ bá adíyelé ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ó kọ mílíọ̀nù 24. Dípò mílíọ̀nù 34 tí ó yẹ kí ó san fún àwọn yòókù, mílíọ̀nù 17 ni yóò san. Opó pàdánù mílíọ̀nù 3. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan pàdánù mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. Kò sí ẹni tí ó fọ́lẹ̀kùn, kò sí ẹni tí ó yọ ọ̀bẹ, síbẹ̀ a ti jà wọ́n lólè. Bí ọmọ òrukàn tí kò tíì bàlágà bá wà láàrin wọn, ẹ rántí pé nínú Súrà An-Nisa, iná ni Ọlọ́hun pe ohun tí ẹni tí ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn ní àbòsí ń jẹ sí ikùn.

Ẹni tí ó bu iye lé ilé kí báńkì lè yá onílé lówó púpọ̀ kò yàtọ̀. Owó tí àwọn ẹlòmíràn fi pamọ́ ni ó fi wéwu.

Nítorí náà, ẹ̀yin adíyelé, ẹ má ṣe kọ iye ilé tí ẹ kò fi ojú rí. Ẹ yẹ ìwé rẹ̀ wò, ẹ wádìí iye tí wọ́n ta irú rẹ̀ ládùúgbò àti owó tí ó ń mú wọlé, kí ẹ sì kọ àlèébù rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìbátan yín bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ọ́ síta tàbí kí ẹ yẹra. Ẹ̀yin tí ń gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ má ṣe sọ iye tí ẹ fẹ́ gbọ́ fún wọn. Ọlọ́hun pa wá láṣẹ láti jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n ọjà kan ń bọ̀ tí èké kò ní rí oníbàárà. Ẹni tí ó bá ti rẹ́ ọmọnìkejì jẹ, ìrònúpìwàdà rẹ̀ kò pé títí yóò fi dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tí ó ni ín. Kí ó ṣe é lónìí, nígbà tí owó ṣì lè san án. Lọ́jọ́ Àjíǹde, iṣẹ́ rere rẹ̀ ni wọn yóò fi san án.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi, fún ẹ̀yin àti fún gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí Ọlọ́hun fi hàláálì tó wa, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí i. Àmín.