Ìsinmi Owó Pọ́ọ́kú: Ta Ló Ń San Ìyókù?

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tó wà l'Abuja àti l'Ékòó: "Ara mi ń fẹ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n kò sówó." Ọ̀gá kò tètè fúnni láyè, owó oṣù kò tètè wọlé. Ó di ìgbà tí Kérésì bá ku ọ̀túnla kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn lè jáde nílùú. Òtẹ́ẹ̀lì ti wọ́n nígbà náà, àríyá òru Èkó sì ti di ti olówó àti ti àwọn tó ti òkè òkun dé. Ibi tó kù ni ilé: Kabba, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú. A kì í san owó yàrá níbẹ̀, iṣu wà, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wá láti orí òkè. Èmi náà gbà pé kò sí ìsinmi tó dùn tó o. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé: bí a bá ní ìsinmi yìí kò wọ́n wa, ta ló ń san ìyókù owó rẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ ti fi hàn wá rí pé ẹ̀dínwó kì í wà láìní olùsan. Lọ́dún 2023, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, ìjọba ní láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2023 títí di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2024, ìdajì owó ọkọ̀ ni èrò tó ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn yóò san nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá bá ṣe àdéhùn, àti pé ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin. Reluwé kò dé Kabba, nítorí náà ọ̀fẹ́ yẹn kò kàn wá. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló kàn wá. Ìdajì tí èrò kò san, àpò ìjọba ni wọ́n ti fẹ́ yọ ọ́, àpò ìjọba sì ni àpò gbogbo wa. Owó tí ẹnìkan kò bá san, ẹlòmíràn ló ń san án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ti wọlé nìyẹn. Àwọn àgbà ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú, iṣẹ́ àti òye mọ́ ìwà ọmọlúàbí. N kò gbọ́ pé wọ́n ka ìmúrasílẹ̀ oṣù mẹ́fà mọ́ ọn. Ìrìn òjijì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí a gbé ẹrù ìrìn náà ka orí ẹni tí a kò bi léèrè ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn ni awakọ̀. Lọ́sẹ̀ Kérésì, owó ọkọ̀ a lọ sókè ní gáréèjì, ẹni tó pẹ́ kó tó múra a sì máa wá ọkọ̀ tó rọjú díẹ̀: èyí tó ń kó èrò lójú títì, tí awakọ̀ rẹ̀ ti lọ tó ti bọ̀ láìfojú ba oorun. Oorun ọkùnrin yẹn la fi ra ẹ̀dínwó wa. Ọ̀nà náà kì í sì ṣe ọ̀nà kékeré. Ẹni tó ti Èkó bọ̀ yóò kọjá Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Òmùò kó tó rí Ìyàmoyè ní ilẹ̀ Okun. Ẹni tó ti Abuja bọ̀ yóò gba orí afárá Jamata kọjá odò Ọya, yóò kan Lokoja, yóò kan Obajana. Láti Obajana dé Kabba, kọnkéré ni ilé iṣẹ́ Dangote fi ṣe ọ̀nà kìlómítà 43 náà, lábẹ́ ètò tí ìjọba fi yọ iye iṣẹ́ náà kúrò nínú owó orí ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ọ̀nà tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ ló ń dán èrò wò jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pariwo pé, "Dẹ́rẹ́bà, tẹ̀ ẹ́!" Akínkanjú ẹni tó bá dá nìkan sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ dúró kí ẹ mu omi," kò kéré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní àkókò àwọn ajínigbé yìí pàápàá, ẹni tó bá tìtorí owó díẹ̀ wọ ọkọ̀ òru ti fi ẹ̀mí àwọn ará ilé rẹ̀ kún owó náà.

Ẹnì kejì ni ìyá tó wà nílé. Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù rẹ̀ dún: "Màmá, a ti dé Lokoja o, àwa mẹ́fà ni." Kí ni ìyá fẹ́ sọ ju "Ẹ kú ọ̀nà, ẹ máa bọ̀" lọ? Kò jẹ́ sọ pé kànga ti ń gbẹ, pé ẹ̀yìn ń dun òun, pé iṣu tó kù ni òun fẹ́ tà fi ra oògùn. Ìyàwó ilé tó ti ń gúnyán fún ẹbí láti àárọ̀ ni yóò tún gbé ọmọ odó.

Ẹnìkan lè ní, "Ilé bàbá mi ni. Ta ní í gba àṣẹ kó tó wọ ilé bàbá rẹ̀?" Òótọ́ ni, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti oko bọ̀ kì í ṣánwọ́ wálé. Bí kò ru igi ìdáná, yóò ru iṣu. Àyè láti wọlé kò fún wa láyè láti sọ onílé di ọmọ ọ̀dọ̀. Bó ti wù kí ìrìn yá tó, ìpè kan ní alẹ́ tó ṣáájú kò le: "Màmá, àwa mélòó rèé, a ń gbé ìrẹsì, òróró àti omi mímu bọ̀. Ẹ má dáná alẹ́ dè wá." Nínú gbólóhùn kúkúrú yẹn, ọ̀rọ̀ sísọ wà, ìtẹríba wà, inú rere náà wà.

Ẹnì kẹta ni ọmọ tó ń padà sí ilé ìwé ní oṣù Kìíní. Bàbá tó yá owó èlé kó lè náwó lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kabba, owó ilé ìwé ọmọ ló ń ná. Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Àmọ́ ká má dá àlejò nìkan lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún ilé nítorí pé ìbéèrè ti ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó sọ ẹrù: owó ọtí, owó ìdáwó, owó òrùlé ẹbí. Bí ìbátan bá sọ ẹni tó wá sinmi di báńkì, òun náà ti jìnnà sí ìwà ọmọlúàbí. Kí àlejò sọ òtítọ́, "Ohun tí ọwọ́ mi ká rèé," kí onílé sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ìrọ̀rùn ti tọ̀tún tòsì wà nínú òtítọ́ yẹn ju ẹ̀bùn ńlá tí gbèsè bí lọ.

Ètò tó dára kò ju báyìí lọ. Bí Kérésì gan-an kò bá pọn dandan, ẹ jẹ́ kí èrò lọ tán, kí ẹ gbéra lẹ́yìn rẹ̀, ní kùtùkùtù. Ẹ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sùn, kí ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ àti ọkùnrin náà fọ abọ́, kí wọ́n sì pọn omi. Bí ẹsẹ̀ bá ń fẹ́ ìrìn, Ògìdì ní Ìjùmú kò jìnnà. Àpáta ńláńlá wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni ìlú Nike Davies-Okundaye, ìyá oníṣọ̀nà àdìrẹ tí wọ́n bí lọ́dún 1951, tó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá mú yín gun àpáta, ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un láìná án ní ànájù. Nígbà tí ẹ bá ń padà sí Abuja, ẹ lè yà sórí òkè Patti ní Lokoja, kí àwọn ọmọ wo ibi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé. Bí ẹnìkan bá ní orí òkè náà ni akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì Flora Shaw dúró sí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn pé inú ìwé ìròyìn The Times ti London ló kọ ọ́ sí ní oṣù Kìíní 1897, ọdún márùn-ún kó tó fẹ́ Lugard, tó wá di gómìnà àgbà Nàìjíríà.

Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, kò sì sí èyí tí a kò lè ṣètò rẹ̀ láàárín alẹ́ kan. Kí a tó ka owó ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka àwọn tí ìrìn wa yóò gba agbára lọ́wọ́ wọn, kí a sì bi wọ́n. Gbogbo ọmọ Okun ni wọ́n ń kí káàbọ̀ nílé, àti ẹni tó níwà àti ẹni tí kò ní. Ọjọ́ tí a bá ń padà ni a ń mọ ìyàtọ̀: bí ara bá tu àlejò, tí onílé wá nílò ọ̀sẹ̀ kan láti fi sinmi lẹ́yìn rẹ̀, onílé ló san owó ìsinmi yẹn.