Ǹjẹ́ Nọ́ńbà Lè Purọ́?

Bí áàpù orí fóònù bá ní ká wá gba ẹ̀dà òun tuntun, nọ́ńbà kan máa ń wà lára rẹ̀, bíi 2.4.1. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló jókòó tó yan nọ́ńbà náà. Ṣé ó lè yàn án bó ṣe wù ú?

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní Semantic Versioning; Tom Preston-Werner ló kọ ọ́. Bí nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá yí padà, àṣìṣe ni wọ́n tún ṣe. Bó bá jẹ́ ti àárín, wọ́n fi nǹkan tuntun kún un, ohun tí à ń lò tẹ́lẹ̀ kò sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ká ṣọ́ra, ohun tí a gbé lé e lórí lè wó. Lójú mi, ìlérí ni èyí.

Àwọn kan á ní nọ́ńbà lásán ni. Ní 2011, Linus Torvalds gbé Linux láti 2.6.39 bọ́ sí 3.0 láìsí àyípadà ńlá kankan. Nọ́ńbà náà ló ti ń ga jù. Ṣé ó purọ́ ni? Rárá o. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí nǹkan bàbàrà níbẹ̀.

Èmi ni mo purọ́. Mo kọ ètò kékeré kan tó ń ṣírò máàkì kíláàsì wa. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ kan kò bá ṣe, ètò náà máa ń fò ó. Mo wá ní kó máa kà á sí òdo, mo sì pè é ní 1.0.1, torí pé ìlà kan péré ni mo yí padà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú máàkì wo nọ́ńbà náà, ó gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó ka èsì, ọmọ kan tí àìsàn dá dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Ó sunkún lójú gbogbo wa.

Ìlà kan ni lóòótọ́. Àmọ́ wàhálà tèmi ni mo fi wọn àyípadà náà, n kò fi ohun tó máa ṣe fún ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́, a sì tún èsì náà kà lọ́jọ́ kejì. Ètò náà ti di 2.0 báyìí, ohun tó yí padà sì wà lókè rẹ̀ gàdàgbà.