Omi Kejì Lórí Ọkà Kan Náà: Ta Ló Tọ́ Sí?

Ọtí omi kejì ni bíà tí wọ́n pọn láti ara ọkà tí wọ́n ti fa omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n yan gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ láìjẹ́ kó kúnná, ni wọ́n máa ń rẹ sínú omi gbígbóná fún bíi wákàtí kan. Ooru omi náà sábà máa ń wà láàárín 65 sí 68 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, torí ibẹ̀ ni sítáàṣì inú ọkà ti ń di ṣúgà dáadáa. Omi tó bá kọ́kọ́ ṣàn jáde á ki, á sì dùn. Òun ni wọ́n ń fi pọn ọtí líle. Dípò kí wọ́n wá da eèrí tó kù fún ẹran, wọ́n á tún bu omi gbígbóná lé e, wọ́n á rò ó pọ̀, wọ́n á sì fa omi kejì. Wọ́n á fi òdòdó họ́ọ̀pù tuntun sè é, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i. Ọtí tó ń tibẹ̀ jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ pani.

Ẹni tó bá ti rí ìkòkò àgbo tí wọ́n ń bu omi kún lójoojúmọ́ mọ̀ pé ewé kì í tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkà. Bí a bá pín gbogbo omi tó jáde lára rẹ̀ sí mẹ́ta dọ́gba, ìdá kìíní nìkan máa ń gbé nǹkan bí ìlàjì ṣúgà. Ìlàjì yòókù wà nínú ìdá méjì tó kẹ́yìn. Ó ní ààlà ṣá o. Bí òṣùwọ̀n tí àwọn apọntí fi ń wo bí omi ṣe ki bá ti sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bí 1.010, nígbà tí omi lásán jẹ́ 1.000, ìkorò èèpo ọkà ló kù tó ń jáde.

Lórí pé kí a má fi ọkà ṣòfò, ẹ̀sìn kò jiyàn. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 6, lẹ́yìn tí ogunlọ́gọ̀ ti jẹun yó, Jésù ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ kí ohunkóhun má baà ṣègbé. Òfin tí Bẹ́nẹ́díktì Mímọ́ kọ fún àwọn mọ́ńkì ní ọ̀rúndún kẹfà pàṣẹ ní orí 31 pé kí olùtọ́jú ilé máa wo gbogbo ohun èlò bí ẹni pé ohun èlò pẹpẹ ni. Islam, tó ka ọtí léèwọ̀ pátápátá, kò fàyè gba ìnákúnàá náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀, igi ìdáná àti omi ló wà nínú ọkà. Ẹni tó bá dà á nù nígbà tí oore ṣì kù lára rẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló dà nù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbà tí wọ́n bá ń bu ọtí fún ènìyàn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, olówó àti àlejò rẹ̀ ló ń mu ọtí líle. Omi kejì ni ti ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọdé àti alágbàṣe. Òfin ìjọba pàápàá mọ ìyàtọ̀ náà: nígbà tí owó orí ọtí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1643, ti ọtí líle ju ti ọtí olówó pọ́ọ́kú lọ. A lè gbèjà àṣà yìí díẹ̀. Ẹni tó ń fi dòjé kórè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nílò ohun tí yóò pa òùngbẹ, kì í ṣe ohun tí yóò sọ ọ́ dọ̀mùtí. Omi kejì kì í ṣe àbùkù fúnra rẹ̀. Àbùkù wọ̀ ọ́ nígbà tó bá di pé ẹni tó gbin ọkà kò lè tọ́ omi kìíní wò láéláé.

Bíbélì fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀tọ́ òtòṣì àti ohun tí olówó kò fẹ́ mọ́. Òfin inú Léfítíkù orí 19 ní kí olóko má kórè dé ìkángun oko, kó má sì ṣa èéṣẹ́. Ti òtòṣì àti àlejò ni. Ọkà tó péye ni wọ́n ń fi sílẹ̀ yìí, oore kankan kò tíì kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí Rúùtù ń pèéṣẹ́ lóko Bóásì, Bóásì pè é wá jẹun pẹ̀lú àwọn olùkórè rẹ̀. Ó jẹ, ó yó, ó sì ṣẹ́ kù. Àwọn àgbà ní àjẹkù là á fi mọ àyó: níbí, òtòṣì gan-an ló jẹ àjẹkù. Lẹ́yìn náà, Bóásì ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà yọ nínú ìtí sílẹ̀ fún un. Wòlíì Málákì, ní orí 1, bá àwọn tó ń fi ẹran afọ́jú àti arọ rúbọ wí. Ó ní kí wọ́n lọ fún gómìnà wọn wò, bóyá yóò gbà á.

Àwọn mọ́ńkì pàápàá kò bọ́ nínú ìṣòro yìí. Orí 53 nínú òfin Bẹ́nẹ́díktì ní òtòṣì àti arìnrìn-àjò mímọ́ ni kí wọ́n tọ́jú jù nínú àlejò, nítorí ẹ̀rù olówó ti tó láti mú kí wọ́n bọlá fún un. Síbẹ̀, nínú àwòrán ilé mọ́ńkì tí wọ́n yà ní nǹkan bí 820 sí 830, tó ṣì wà ní Saint Gall nílẹ̀ Switzerland, ilé ìpọntí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà: ti àlejò pàtàkì, ti arìnrìn-àjò àti òtòṣì, ti àwọn mọ́ńkì.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà láti bọ́ nínú ìṣòro yìí. Nílùú London ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn apọntí kan ń da gbogbo omi ọkà kan pọ̀ di ọtí kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rà á ń mu. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n pe omi kejì ní orúkọ tó ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Anchor ní San Francisco, tó kógbá wọlé ní 2023, fi ọkà tí wọ́n ti fi pọn ọtí líle Old Foghorn pọn òmíràn, wọ́n sì kọ Small Beer sára ìgò rẹ̀ gbangba. Ẹni tó rà á mọ ohun tó rà.

Nítorí náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú fífa omi kejì. Ó di ẹ̀ṣẹ̀ bí wọ́n bá tà á lórúkọ omi kìíní, tàbí bí ẹni tó ń bù ú fún ẹlòmíràn kò bá lè bu díẹ̀ nínú rẹ̀ mu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìtọ́jú ọkà kó ṣe é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ orí ife tirẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.